Bí Ilẹ̀ Gbígbá Ṣe Kọ́ Mi ní Gọ́ọ̀fù

Ẹni tó bá ní gọ́ọ̀fù kì í ṣe eré obìnrin, kó lọ bi ọkọ mi wò.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni àwa méjèèjì ń ṣe ní Ṣakí nígbà náà, lẹ́yìn ọdún 1980 díẹ̀. Àwọn olùkọ́ tó fẹ́ràn gọ́ọ̀fù ti ṣán igbó ẹ̀yìn ilé wa, wọ́n gbẹ́ ihò síbẹ̀. Koríko tútù kò sí lọ́dọ̀ wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí náà iyanrìn ni wọ́n tẹ́ yí ihò ká. Wọ́n po epo ẹ́ńjìnnì tí àwọn mẹkáníìkì dà nù mọ́ ọn, kí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ má baà gbé e lọ. Bíráùnù là ń pè é.

Kí n gbá bọ́ọ̀lù láti òkèèrè, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi. Orí bíráùnù gan-an ni wàhálà mi wà. Bọ́ọ̀lù á dé etí ihò tán, á wá yà bí ẹni tó rí agbowó-orí. Ọkọ mi á ní, "Rọra o, ihò ò sá lọ."

Wọ́n wá pè wá sí ìdíje ní Ìṣẹ́yìn. Ẹni mẹ́rin péré ni wọ́n fẹ́. Mẹ́ta ti dájú, ó ku èmi àti ọkọ mi. Wọ́n ní ká figa gbága lọ́jọ́ Sátidé, kẹ́ni tó bá borí máa lọ. Mo fẹ́ lọ débi pé oúnjẹ kò wọ̀ mí lẹ́nu.

Àsìkò yẹn gan-an ni ìyá ọkọ mi dé láti Ìlerò, wọ́n fẹ́ fi ojú wọn han dókítà. Lọ́jọ́ kejì, bọ́ọ̀lù tí mo tì ṣánṣán ń rìn bí ọ̀mùtí. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ipa ìgbálẹ̀ ló kún orí iyanrìn, tó tẹ̀ kọdọrọ kọdọrọ, bí wọ́n ṣe ń gbá àgbàlá.

Ìyá ní, "Ìyàwó, ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé yín yìí dọ̀tí. Mo gbá a, kò mọ́. Màá tún un gbá lọ́la."

Mo sọ fún ọkọ mi pé kó lọ bá wọn sọ ọ́. Ó ní kí èmi lọ sọ ọ́. Mo ní, "Ìyá ta ni?"

Ta ló tó bẹ́ẹ̀, kó sọ fún ìyá ọkọ pé ilẹ̀ tí wọ́n gbá kò dára? Bẹ́ẹ̀, bí aládùúgbò bá rí wọn nídìí ìgbálẹ̀ nígbà tí èmi ṣì ń sùn, mo gbé. Ohun tó kù ni kí n máa ṣáájú wọn jí. Ní ìdájí, màá wọ́ àpò àgbàdo lórí iyanrìn títí á fi tẹ́jú. Bí mo bá parí, màá máa ti bọ́ọ̀lù títí Ìyá á fi jáde.

Orí iyanrìn tó tẹ́jú yẹn ni mo ti rí àṣìṣe mi. Ipa bọ́ọ̀lù hàn kedere: láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti ń yà sósì, nítorí mo máa ń yọjú wo ihò kí ọ̀pá tó kan bọ́ọ̀lù. Mo kọ́ ara mi láti tẹjú mọ́lẹ̀. Nígbà tí bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé tẹ̀ léra, èmi nìkan ń jó nínú ọyẹ́.

Ìyá á jáde, wọ́n á ní, "Ìyàwó, o kú iṣẹ́." Wọ́n á jókòó ti pákò wọn, wọ́n á máa wò mí.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀mì la ta títí dé ihò tó kẹ́yìn. Bọ́ọ̀lù ọkọ mi fi díẹ̀ tàsé. Bí tèmi bá wọlé, mo ti jẹ. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Ìyá tó jókòó tì wá ní, "Gbé ikọ́ yẹn mì."

Mo tẹjú mọ́lẹ̀, mo tì í, ó wọlé.

Ọkọ mi ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, ẹ̀rín sì gba ẹnu rẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n Ìyá ti kọjá lára wa. Wọ́n ki ọwọ́ bọ ihò, wọ́n yọ bọ́ọ̀lù náà, wọ́n so ó mọ́ etí ìró wọn.

Wọ́n ní, "Èyí ń bá mi lọ sílé. Wọn ò ní gbà mí gbọ́ ní Ìlerò."

Bọ́ọ̀lù mìíràn ni mo mú lọ sí Ìṣẹ́yìn.