Bàbá Mi Dìbò ní Glasgow

Òórùn gúlúù àti ẹyin díndín ni mo fi ń rántí àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, nílé tí a háyà ní Suwanee, ní Amẹ́ríkà. Mọ́mì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣíìfù alẹ́ dé, wọn ò tíì bọ́ aṣọ nọ́ọ̀sì. Èmi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, tẹ́ páálí ńlá sórí kápẹ́ẹ̀tì, mò ń lẹ àwòrán tó kẹ́yìn. Tíṣà ní kí oníkálukú mú orílẹ̀-èdè kan, kó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún náà. Scotland ni mo mú. Ibẹ̀ ni Dádì wà, wọ́n ń tọ́jú arúgbó ní Glasgow, wọ́n ń retí físà tí wọ́n máa fi wá bá wa.

Kò sẹ́ni tó lè sọ ìtàn ọdún 2014 yẹn fún mi. Gbogbo ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni Dádì ń pè, mo sì ń kọ ọ̀rọ̀ wọn sínú ìwé. Iná jó ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà, àwọn àgbàlagbà ń sunkún ní títì. Wọ́n ṣe eré ìdárayá Commonwealth, Dádì pariwo fún àwọn ọmọ Nàìjíríà títí ohùn wọn fi há. Nígbà tó di Oṣù Kẹsàn-án, àwọn ará ibẹ̀ dìbò bóyá kí Scotland kúrò lára Britain, àwọn tó ní rárá ló pọ̀ jù. Dádì náà dìbò, torí òfin gba àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth bíi Nàìjíríà tó ń gbé níbẹ̀ láyè. "Wọ́n ò wo awọ mi," ni Dádì wí, "wọ́n kàn na bébà sí mi ni." Mi ò gbọ́ kí inú wọn dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Àárín páálí ni mo kọ ọ́ sí, gàdàgbà: bàbá mi dìbò.

Nígbà tí mo gbé e dé kíláàsì, tíṣà fi bírò pupa fa ìlà pa á. Mi ò lè fi ọ̀wọ̀ pè é títí dòní. Ó ní irọ́ ni, àlejò kì í dìbò nílùú onílùú. Mo ní òótọ́ ni. Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Mo tún un sọ, mo pariwo, ló bá ránṣẹ́ pe Mọ́mì.

Mọ́mì mọ̀! Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn. Etí wọn ni Dádì ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe wọlé, wọn ò bi mí ní nǹkan kan.

"Oya, kneel down! Bẹ tíṣà ẹ."

"Mọ́mì, ẹ̀yin náà gbọ́ nígbà tí Dádì..."

"Dákẹ́! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa yẹ ìwé ìgbélùú wa wò ni?"

Mo kúnlẹ̀, mo ní irọ́ ni mo pa. Tíṣà pàápàá ò mọ ibi tó máa wò. Lọ́jọ́ Àìkú, Dádì bi mí pé kí ni tíṣà sọ nípa ìbò àwọn. Mo ní ó dùn mọ́ ọn nínú. Irọ́ tí mo pa gan-an nìyẹn.

Mo ti dàgbà, Fayetteville ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá mi ní mi ò fi ìwé kan ránṣẹ́. Mo ti fi ránṣẹ́, ẹ̀rí rẹ̀ wà lójú kọ̀ǹpútà níwájú mi. Ẹnu mi ló ṣáájú: "So sorry, ma, my fault." Mo lọ jókòó sínú mọ́tò, mo fa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé gbàgà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá yẹn sọ òótọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó fipá mú un kúnlẹ̀. Èmi, ta ló ní kí n kúnlẹ̀?