Ta Ló Ṣí Géètì Ẹ̀yìn?

Ọdún kẹjọ rèé tí a da iṣẹ́ sílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ tánńganran kan ní Ìlúpéjú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ máa ń ní kí n sọ bí a ṣe jà. Mo máa ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ibì kan wà tí mo máa ń fò. Lónìí, mi ò ní fò ó.

Láti Jọ́s ni kùsà, erùpẹ̀ tí a ń yọ́ di tánńganran, ti ń wá, nínú àpò kékeré tí ọkùnrin méjì ń gbé tipátipá. A ó fọ̀ ọ́, a ó yọ́ ọ, wọn ó kó o lọ sókè òkun. Ó yẹ kí owó orí rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ wọn di kòtò, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀gá wa ń kọ ránṣẹ́ síjọba kò tó ìdajì ohun tí à ń yọ́. Irọ́ kan náà ló fi lé ogún nínú wa lọ sílé. Ó ní kùsà kò wọlé mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ilé ìkẹ́rùsí kún fún un. Bàbá Múníru, àgbà ìdí iná, ará Ògbómọ̀ṣọ́, kọ ohun tó mọ̀ sínú ìwé fún àwọn agbowó-orí, ó fọwọ́ sí i. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá fojú ara àwọn rí i. Tiwa ni kí ẹrù kankan má jáde kí wọ́n tó dé, la bá ti géètì méjèèjì pa.

Èmi ni alága. Lọ́jọ́ kejì, èmi àti Bàbá nìkan ló wà ní géètì ẹ̀yìn nígbà tí tipà kan yọ. Ìdàrọ́ ló hàn nínú rẹ̀, pàǹtí tó ń kù lẹ́yìn tí a bá yọ́ kùsà. Ó pẹ́ tí ilé-iṣẹ́ ti ń fi í ta mọ́ṣáláṣí kan ní Ifákò lọ́rẹ láti fi kún àgbàlá wọn. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò dá ọkọ̀ yẹn dúró rí.

Bàbá yí i po. “Alága, wo táyà. Ìdàrọ́ kì í tẹ táyà báyìí. Jẹ́ ká tú u wò.”

“Bàbá, ẹrù mọ́ṣáláṣí lẹ fẹ́ ká máa tú?”

“Ọlọ́run ò ní bínú sẹ́ni tó yẹ ẹrù wò.”

Mo ṣí géètì. Ká sòótọ́, kì í ṣe ìbẹ̀rù Ọlọ́run. Ìbò ẹgbẹ́ ti ń bọ̀, mi ò fẹ́ kí wọ́n ní alága ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ló dá ẹrù mọ́ṣáláṣí dúró. Ọkọ̀ náà tún padà wá lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì ń ṣí géètì fún un.

Nígbà tí àwọn agbowó-orí dé, ilé ìkẹ́rùsí ti ṣófo. Wọ́n wo Bàbá bí òpùrọ́, wọ́n lọ. Mọ́ṣáláṣí ní ìdàrọ́ kankan kò dé ọ̀dọ̀ àwọn.

Ní ìpàdé, àwọn èèyàn bi wá pé ta ló ṣí géètì. Ẹnìkan ní ta ni ì bá tún jẹ́, bí kì í bá ṣe Bàbá tó wà nínú ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí? Bàbá wò mí, ó dúró kí n sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ ni mò ń wò. Ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde. Lọ́jọ́ kejì ni ilé-iṣẹ́ já ìwé gbélé-ẹ lé e lọ́wọ́.

Ẹ má ṣe rò pé a ò rí nǹkan kan gbà. Mẹ́jọ nínú ogún padà sẹ́nu iṣẹ́, àwọn tó wà nídìí iná rí ìbòmú gbà, ẹgbẹ́ ò tú. Mo tún wọlé ìbò. Ṣùgbọ́n kùsà ṣì ń wọ Ìlúpéjú, kòtò àwọn ará Jọ́s ṣì la ẹnu sílẹ̀.

Mo lọ bá Bàbá lẹ́ẹ̀kan. Kò bá mi jà. Ó ní, “Mo dákẹ́ kí ẹgbẹ́ má bàa tú. Ìwọ ńkọ́, kí lo dákẹ́ fún?”

Ikọ́ ló pa á. Àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà ní Ifákò, wọ́n sì ń pè wọ́n ní ọmọ ẹni tó ṣí géètì. Àwọn ni mo kọ́kọ́ ń kọ èyí sí. Bàbá yín ní ká tú ẹrù náà wò. Èmi ni mo ṣí géètì.