Èbù Kì í Dúró De Owó Oṣù

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni mo fi ra iṣu kan ṣoṣo ní ọjà Akanran, iṣu náà kò sì tóbi tó apá mi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, owó oṣù mi fún oṣù mẹ́fà gbáko kò tó bẹ́ẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún obìnrin tó tà á fún mi. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò rà á pamọ́ nígbà yẹn?"

Ó rò pé àwàdà lòun ń ṣe. Àmọ́ èmi náà ti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí láìṣàwàdà, pẹ̀lú gbogbo ìwé tí mo kà. Bàbá Sìkírù ló là mí lójú.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí nígbà náà. Alùpùpù ni mo ń gùn láti abúlé dé abúlé ní Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, tí mo ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní ọ̀nà ìgbàlódé. "Àgíríìkì" ni wọ́n ń pè mí, bí ìgbà tí èèyàn ń pe adìẹ. Abúlé Bàbá Sìkírù kò jìnnà sí Akanran. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìkórè, ó di ọwọ́ alùpùpù mi mú.

"Àgíríìkì, ẹ bá mi wá iṣẹ́ oṣù. Ẹ̀yìn ń ro mí, òjò ò ṣe dáadáa, Sìkírù sì fẹ́ wọ sẹ́kọ́ńdírì."

"Oko ńkọ́, Bàbá?"

"Mo ti ro oko tó."

Ọ́fíìsì wa ní Ẹgbẹ́dá ń wá mẹ́gáàdì. Mo bẹ Màdáámù, ọ̀gá wa, ó sì gbà á. Inú mi dùn. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì gan-an nìyí: fún àgbẹ̀ ní iṣẹ́ tó lówó ju oko lọ, á fi oko sílẹ̀.

Ó fi í sílẹ̀ lóòótọ́, títí òjò àkọ́rọ̀ fi rọ̀. Ó wá tọrọ ọjọ́ márùn-ún. Màdáámù ní, "Bàbá, ẹ ò tíì pé oṣù mẹ́fà níbí. Tí ẹ bá kúrò lẹ́nu géètì yìí, ẹ kúrò pátápátá nìyẹn."

Mo fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Kí lẹ gbàgbé sóko?"

"Èbù mi ti ń hù."

Èbù ni iṣu tí àgbẹ̀ ń yà sọ́tọ̀ nígbà ìkórè láti fi gbin ti ọdún tó ń bọ̀.

"Ẹ tà á."

"Kí n wá gbin kí ni lẹ́yìnwá ọ̀la?"

"Ẹ fún àbúrò yín."

"Èwo? Èyí tó ń gun ọ̀kadà ní Ìyànà Ọ̀fà? Ó ti se tirẹ̀ jẹ!"

"Ẹ tọ́jú rẹ̀ pamọ́ di ọdún tó ń bọ̀ nígbà náà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di géètì mú. "Àgíríìkì! Yunifásítì wo lẹ tiẹ̀ lọ ná?"

Ó ní àgbàdo ṣeé so kọ́ sókè ààrò. Èbù ò gbà bẹ́ẹ̀. Bí òjò bá ti dé, yóò hù. Ẹni tí kò bá gbìn ín, á rọ mọ́ ọn lọ́wọ́, á sì jẹrà. Irú iṣu tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un yẹn, kò sí lọ́jà kankan.

"Ẹ wò ó," ó ní, ẹ̀rín ti tán lójú rẹ̀, "tí mo bá fo ọdún kan péré, mi ò ní nǹkan tí mo lè fi padà mọ́. Bí iṣẹ́ yìí bá wá bọ́ ńkọ́? Ìjọba ò kúkú bí mi."

Ó padà sẹ́nu géètì. Ọjọ́ kẹta, Ìyá Sìkírù, ìyàwó rẹ̀, dé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ńlá lórí. Mo rò pé oúnjẹ ni, àṣé èbù ni. Kò pẹ́ tí ebè fi yọ lẹ́yìn ọ́fíìsì, tó tún yọ láàárín òdòdó Màdáámù. Ìgbà tí iṣu gun òpó àsíá ni ọ̀rọ̀ tú.

Màdáámù pariwo, "Ta ló fa iṣu mọ́ àsíá ìjọba?"

Bàbá Sìkírù ti ń ká ẹní rẹ̀. N ò mọ ohun tó ki mí láyà. Mo ní, "Oko àfihàn ni, mà."

Oko àfihàn ni ilẹ̀ kékeré tí a fi ń han àwọn àgbẹ̀ bí irúgbìn ìjọba ṣe dára tó. Tiwa lọ́dún yẹn ti jẹrà kí ó tó hù, Màdáámù sì mọ̀. Ó wò mí, ó wo iṣu.

"Àfihàn ta ni?"

"Tiwa ni, mà."

Ó pòṣé. "Ẹ tú u kúrò lára àsíá. Ẹ wá ọ̀pá fún un!"

Báyìí ni iṣẹ́ Bàbá Sìkírù kò ṣe bọ́. Àwọn àgbẹ̀ wá láti Lágelú wá yin "iṣu ìjọba". Òun ló ń ṣí géètì fún wọn, kì í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ á máa gbọ̀n fún ẹ̀rín. Ọdún tí Sìkírù jáde ní sẹ́kọ́ńdírì ni bàbá rẹ̀ kó kọ́kọ́rọ́ géètì lé mi lọ́wọ́.

"Ta ló ṣẹ̀ yín?"

"Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí. Èbù ti pọ̀ ju ilẹ̀ yín lọ ni."

Ó lọ sílé, kò sì bojú wẹ̀yìn.

Màdáámù ti ṣaláìsí tipẹ́. Bàbá Sìkírù lọ nínú oṣù Ààwẹ̀ tó kọjá, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ń ṣú. Sìkírù ti di olùkọ́, bàtà rẹ̀ sì máa ń dán. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó bọ́ bàtà, ó gbé apẹ̀rẹ̀ èbù rù, ó kọrí sóko. Gbogbo Sátidé ló ń lọ báyìí. Nínú àwa tó mọ ìtàn iṣu yẹn, Ìyá Sìkírù wà láàyè, ojú rẹ̀ ni kò ríran dáadáa mọ́. Sìkírù wà. Èmi náà wà.