Kọ̀ǹpútà Tí Mi Ò Dán Wò Lórí Àkísà

Ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi l'Ọ̀wọ̀, a kì í gbé aṣọ oníbàárà sábẹ́ abẹ́rẹ́ tààrà. Àkísà la kọ́kọ́ máa ń fún ẹ̀rọ mọnogíráàmù tó ń ṣe ọnà sára aṣọ jẹ. Bí òwú bá máa já, kó já síbẹ̀. Èmi ni mo ń bójú tó kọ̀ǹpútà: màá ya bátánì lórí ẹ̀, ètò kékeré kan á sọ ìlà di ojú abẹ́rẹ́, màá sì fi fíláàṣì gbé e fún ẹ̀rọ.

Linux ni ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà yẹn, ẹ̀ka rẹ̀ tó ti fìdí múlẹ̀. Ìdí tó múlẹ̀ yẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Kí ètò tuntun tó dé ibẹ̀, àwọn ará ibòmíràn á ti lò ó sú. Ẹ̀ka kejì wà, tí wọ́n ṣì ń dán wò: ohun tuntun ń wọ ibẹ̀ lójoojúmọ́, àmọ́ ohun tó ṣiṣẹ́ lánàá lè máa wò ọ́ lójú lónìí láì fọhùn. Irú yíyàn wo nìyẹn? Àgbà tí kò lè sáré, tàbí ọmọdé tí kò mọ ọ̀nà ilé.

Ó ku díẹ̀ kí Iléyá dé ni Àlàájì kan láti Òkèlúsè gbé agbádá wá. Ọmọ rẹ̀ ti fi bátánì ọrùn tó fẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù ẹ̀gbọ́n mi. Ètò àwòrán wa kò mọ̀ ọ́n. Ìlà díẹ̀ ló hàn, ìyókù funfun báláú.

"Kọ̀ǹpútà tí kò lè ṣí bátánì," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, "ṣé kí n máa jókòó lé e lórí ni?"

"Bọ̀ọ̀dá, ó ti pẹ́ ni. Ẹ jẹ́ n gbé e lọ sí tuntun."

"Kò ní dá wàhálà sílẹ̀?"

"Rárá o."

Mo mọ̀ pé ó lè dá a sílẹ̀. Ìkìlọ̀ wà lójú kọ̀ǹpútà. Mo kà á, mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Dípò kí n wá ọgbọ́n sí ètò àwòrán nìkan, gbogbo kọ̀ǹpútà ni mo kó sí ẹ̀ka ìdánwò. Détà lọ bí omi. Bátánì Àlàájì yọ, ó dára débi pé ẹ̀gbọ́n mi gbá mi lẹ́yìn. Àmọ́ ètò kékeré tó ń sọ ìlà di ojú abẹ́rẹ́ kò dá ará ilé rẹ̀ mọ̀ mọ́. Mo yọ ọ́, mo tún un fi sí i, ó ní ohun kan sọnù. Mo wá ohun náà rí, òun náà ní ohun mìíràn sọnù. Mo ní kí n padà, wọn ò ṣe ọ̀nà àbọ̀ síbẹ̀: àfi kí n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kí n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Àlàájì sì ń pè.

"Àbúrò, ṣé ó ti yá?"

"Ó ku díẹ̀, Bọ̀ọ̀dá."

"Díẹ̀ yìí ò tán láti àárọ̀."

Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n mi dìde. Ó ká agbádá náà, ó mú fóònù rẹ̀, ó sọdá títì lọ bá ará Ìdógùn kan tó ní ẹ̀rọ bíi tiwa, tí wọ́n jọ ń du oníbàárà. Ọkùnrin yẹn kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbà á, ó ṣe é. Ìyẹn tún wá burú jù.

Àlàájì dé ṣọ́ọ̀bù wa, ó fọwọ́ pa ọnà ọrùn náà. "Iṣẹ́ rẹ mà dáa o! Ọlọ́run á bùkún ọwọ́ rẹ."

Ẹ̀gbọ́n mi wo ilẹ̀. "Àmín, Àlàájì. Ẹ ṣeun."

Mo wà nídìí kọ̀ǹpútà, mo ń dá ẹ̀ka tó fìdí múlẹ̀ padà. Ẹ̀gbọ́n mi kò wo apá ọ̀dọ̀ mi. Àkísà tí mo ti gé sílẹ̀ fún iṣẹ́ Àlàájì ṣì wà lórí tábìlì, kò sí ojú abẹ́rẹ́ kankan lára ẹ̀.