Eré Kẹ̀kẹ́ Nítorí Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Sítọ̀

Kí n tó sọ bí mo ṣe sáré, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo torí ẹ̀ sáré. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ sítọ̀ kòkó kan báyìí ní Àpòmù, tí kò fẹ̀ ju ibi tí èèyàn mẹ́ta lè nà gbalaja sí lọ. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ ń gbà jáde tí wọ́n bá ti wọn kòkó wọn tán, tí owó ṣì gbóná lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá pàtẹ síbẹ̀ kò ní pariwo kó tó tà. Oníwósìwósì ni mí nígbà náà. Ìṣáná, òwú, abẹ́rẹ́, ọṣẹ àti gíláàsì àtùpà ni mò ń dì sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, tí mo fi ń já abà kiri láti Ìkirè títí dé Gbọ̀ngán. Mo fẹ́ jókòó síbì kan kí ìdí mi náà sinmi.

Ará Àpòmù kan wà tó ń ta irú ọjà tí mò ń tà gan-an. Òun náà fẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí. A fi ọ̀sẹ̀ méjì bú ara wa níwájú sítọ̀ débi pé àwọn àgbẹ̀ ń gbé àpótí wá jókòó kí wọ́n lè gbọ́ dáadáa. Nígbà tó sú ọ̀gá sítọ̀, wọ́n jáde sí wa, pẹ́ńsùlù wà lẹ́yìn etí wọn.

"Ẹnì kan ṣoṣo ni mo lè gbà. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ní kẹ̀kẹ́. Ẹ sáré láti Ìkirè wá síbí ní Sátidé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kan ìwọ̀n mi ló ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí kòkó ọdún yìí á fi tán."

"Ṣé ọ̀nà mọ́tò la máa gbà, ọ̀gá?" Ará Àpòmù ló béèrè.

"Kí lọ́rì tẹ̀ yín pa, kí wọ́n ní èmi ni mo rán yín? Inú oko ni kí ẹ gbà."

Inú mi dùn. Mo ti sáré kẹ̀kẹ́ nínú oko rí lẹ́ẹ̀mejì, nígbà ọdún Iléyá, èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi ládùúgbò. Lákọ̀ọ́kọ́, mo ṣubú sínú kòtò tí wọ́n ti ń gbẹ́ amọ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, mo ṣe ipò kẹta, bẹ́ẹ̀ àwa mẹ́ta náà la sáré. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé nínú oko, kẹ̀kẹ́ máa ń gun èèyàn tó bí èèyàn ṣe ń gùn ún.

Òjò rọ̀ mọ́jú Sátidé náà. Baba tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Ìkirè ni wọ́n ní kó dá wa sílẹ̀. Ó tẹ táyà mi wò, ó ní afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ ti pọ̀ jù fún ẹrẹ̀, ó sì jò ó dànù díẹ̀. Mo rò pé ará Àpòmù ti bá a sọ̀rọ̀ ni. Kí n tó rí ẹnu bú u, ó ti fi òòlù lu irin, a ti gbéra.

Ará Àpòmù ló ń lọ níwájú. Agogo rẹ̀ kò sinmi, gbàgì-gbàgì ni, bíi pé àwọn igi kòkó máa yà fún un lọ́nà. Àwọn igi ọ̀hún kò yà fún ẹnì kankan. Ẹ̀ka wọn rẹlẹ̀, àfi kí n dojú bolẹ̀ lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kí wọ́n má baà yọ mí lójú. Ewé tó bo ilẹ̀ ń yọ̀ bí ọṣẹ tí mò ń tà. Ìgbà tó yá, ẹrẹ̀ kún inú bíréèkì mi. Ibi tí ilẹ̀ bá ti ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹsẹ̀ ni mò ń wọ́ nílẹ̀ kí n tó lè dúró. Àmọ́ táyà tí baba yẹn jò dì mọ́lẹ̀ dáadáa. Ti ará Àpòmù tó le bí òkúta ń fò kiri, mo sì rí i tó tẹ̀ sọ́tùn-ún, tó tẹ̀ sósì.

"Rọra o!" mo kígbe. "Ọtí wo lo mu láàárọ̀?"

"Ẹ̀yìn mi ni kó o máa wò," ó dá mi lóhùn. "Ibẹ̀ lo máa wà dé Àpòmù!"

Ìgbà tá a dé odò, igi tí wọ́n fi ṣe afárá ti bómi lọ. Omi náà mu mí dé itan, ó sì ń ṣàn kíákíá. Ará Àpòmù ní "Bísímílá", ó gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ èjìká. Ẹ wo ìyà: ṣéènì fa dàńṣíkí rẹ̀ lẹ́yìn, táyà dí i lójú òsì, ó sì ń tá gẹ́gẹ́ láàrin omi. Èmi ń kọ́? Láti kékeré ni mo ti ń rẹrù. Mo bọ́ fìlà, mo ká a ṣe òṣùká, mo gbé kẹ̀kẹ́ karí, mo sì fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ lábẹ́ omi títí mo fi kọjá lára rẹ̀. Mi ò lè yí orí wò ó, ṣùgbọ́n mo gbọ́ èébú tó ń bú. Mo gbé kẹ̀kẹ́ ọ̀hún gun òkè tó wà lódì kejì bẹ́ẹ̀. Táyà ń yí lókè orí mi bíi pé òun náà ń sáré.

Báyìí ni mo ṣe bọ́ síwájú. Mi ò tíì lọ jìnnà tí ṣéènì fi já bọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, kò fẹ́ wọ eyín irin. Mo sì ń gbọ́ agogo yẹn lẹ́yìn mi láàárín igi, gbàgì-gbàgì, ó ń sún mọ́ mi. Nígbà tí ṣéènì máa wọlé, mo ti ń gbọ́ èémí rẹ̀ gan-an.

Mo fò gun kẹ̀kẹ́. Mo yọ sí abà kan, ibi tí wọ́n sá kòkó sórí ẹní lápá méjèèjì, tí ọ̀nà àárín ẹ̀ kò fẹ̀ ju ẹsẹ̀ kan lọ. Lórí ọ̀nà yẹn ni baálẹ̀ abà náà dúró sí, pẹ̀lú àdá lọ́wọ́.

Gbogbo wa la mọ̀ pé tó o bá pàdé àgbàlagbà, wàá sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, wàá dọ̀bálẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Mo sì tún mọ̀ pé bàbá yìí kì í kí èèyàn kí ó tán bọ̀rọ̀. Mo ro ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo tẹ agogo. Ẹ gbọ́ mi ṣá, mo tẹ agogo fún baálẹ̀! Bàbá yà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá!" Orí ìjókòó kẹ̀kẹ́ ni mo ti sọ ọ́. Ẹrẹ̀ ta sí wọn lẹ́sẹ̀, mo sì ti kọjá.

Mo gbọ́ tí ará Àpòmù ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ gbìì lẹ́yìn mi, tó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá!"

"Pẹ̀lẹ́ o. Ìyá rẹ ń kọ́?"

"Wọ́n wà, Bàbá."

"Àwọn ọmọ ń kọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Mo wọ Àpòmù, mo fi ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ gbá ìwọ̀n mú. Ọ̀gá sítọ̀ ní mo ti ba ìwọ̀n àwọn jẹ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo ni ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀yìn náà ni ará Àpòmù dé, ẹrẹ̀ bo àyà rẹ̀ bámúbámú.

"Ṣé o ò rí Bàbá ni?" ó bi mí.

"Mo kí wọn."

"Láti orí kẹ̀kẹ́?"

Àwọn àgbẹ̀ tó ti ń bá mi rẹ́rìn-ín kẹ́yìn sí mi.

Mo pàtẹ ní ọjọ́ Ajé. Àwọn àgbẹ̀ wọn kòkó, wọ́n gbowó, wọ́n jáde. "Ẹ kú ìjókòó o," wọ́n á kí mi dáadáa. Lẹ́yìn náà, wọ́n á sọdá títì lọ sábẹ́ igi ọsàn, kí wọ́n lọ ra ọṣẹ lọ́wọ́ ará Àpòmù. Ọṣẹ kan náà! Ọ̀rọ̀ agogo tí mo tẹ fún baálẹ̀ ni ará abà kan ń sọ fún ará abà kejì. Ẹnì kankan kò bú mi, ká ní wọ́n bú mi ni, ǹ bá rí ohun fi fèsì. Mo mú un mọ́ra títí di ìgbà tí eruku ọyẹ́ bo gíláàsì mi, kí n tó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí abà yẹn, tí mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní kòkó.

"Ta nìyẹn?" Bàbá béèrè.

"Èmi tí mo gun kẹ̀kẹ́ kọjá lára yín ni, Bàbá. Ẹ dákun, ẹ má bínú."

"N ò mọ ojú rẹ. Ìdí rẹ nìkan ni mo rí."

Àwọn ìyàwó wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín sínú iyanrìn. Bàbá ò ní kí n dìde. Àwọn obìnrin ń gbé apẹ̀rẹ̀ kọjá lórí mi, adìẹ kan wá wo etí mi. Oòrùn ti mú mi lẹ́yìn dáadáa kí Bàbá tó ní, "Dìde. Ó ti tán nínú mi."

Mo sáré padà sí Àpòmù pẹ̀lú ayọ̀. Lọ́rì ń gbéra níwájú sítọ̀, ọ̀gá sì ń ti ilẹ̀kùn. Àpò tó kẹ́yìn ni wọ́n kó lọ yẹn. Kòkó ti tán. Ará Àpòmù ti palẹ̀ ọjà rẹ̀ mọ́ lábẹ́ igi ọsàn, ó ti ta gbogbo ọṣẹ rẹ̀. Ó juwọ́ sí mi láti orí kẹ̀kẹ́ bó ṣe ń lọ. Mo jókòó ti ọjà mi. Ní ìrọ̀lẹ́, ewúrẹ́ mẹ́ta gòkè wá dùbúlẹ̀ tì mí, kò sì sẹ́ni tó bá àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin du ibẹ̀.