Omi Tí Mo Fún Ẹja Oníkùn

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí orí mi kò tíì ga ju ẹnu àmù ìyá mi lọ, mo rò pé kò sí ohun tó tún lè yà mí lẹ́nu lórí ọ̀rọ̀ ẹja. Ìsàlẹ̀ Gángan ni wọ́n bí mi sí, nínú agbo ilé tí a ti lé ní ọgbọ̀n, ọ̀sà kò sì jìnnà sí wa. Ẹja ni a ń jẹ láàárọ̀, ẹja ni a ń jẹ lálẹ́. Òórùn ẹja yíyan ló máa ń jí wa kí ládàánì tó pe ìrun àsùbáà. Àfi bí mo ṣe di ìyá ọmọ, tí mo ti lé ní ogójì ọdún, tí ẹja kan ṣoṣo wá dá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú pálọ̀ ara mi, tí mò ń pariwo pé, "Lá ìláà! Ẹ gbà mí o!"

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà lẹ́bàá ọ̀sà, ẹ ó rántí ẹja náà. Ó kúrú, ó rí rọ̀bọ̀tọ̀, ojú rẹ̀ yọ síta, eyín rẹ̀ sì hàn síta bíi ti ẹni tó ń bínú sí ayé. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, yóò gbé omi mì, ikùn rẹ̀ yóò sì wú títí yóò fi rí rogodo. Àwọn apẹja ní orúkọ tí wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n àwa ọmọdé, Oníkùn la mọ̀ ọ́n sí. Ẹnikẹ́ni kì í jẹ ẹ́. Oró wà nínú rẹ̀ tí iná ìdáná kò lè pa. Àwọn àgbà máa ń fà wá létí pé, "Ẹni tó bá jẹ Oníkùn láàárọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú ni a ó ti kírun sí i lára." Nítorí náà, bí ó bá kó sí àwọ̀n, etí omi ni wọ́n ń jù ú sí, àwọn ọmọkùnrin a sì máa gbá a bíi bọ́ọ̀lù.

Kí n tó sọ ti ẹja jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ìyá Alhájà, ìyá tó bí ìyá mi. Òun ló ni ọ̀rọ̀ nínú ilé wa. Ọdún tí wọ́n bí mi ni ó lọ sí Mẹ́kà, ó sì gbé gálọ́ọ̀nù omi Sámúsámù méjì bọ̀. Ó pín ọ̀kan fún àwọn ará ilé àti àdúgbò, ṣíbí kọ̀ọ̀kan. Ìkejì kò kan ẹnu ẹnikẹ́ni. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun tí ó fẹ́ kí wọ́n fi dì í lọ sí sàréè. Ó ní lọ́jọ́ tí ọlọ́jọ́ bá dé, kí wọ́n fi omi náà rin òun lẹ́nu, kí adùn rẹ̀ wà létè òun bí òun bá ń lọ bá Ọlọ́run òun. Kò sí Jímọ̀ tí kì í sọ ọ́, bí ẹni tó ń ránni níṣẹ́ ọjà. Mi ò rò pé ohun kan wà láyé tó tún fẹ́ tó ìyẹn.

Bí a bá ń gbálẹ̀ yàrá rẹ̀, ìgbálẹ̀ kò gbọdọ̀ dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ti ìgbálẹ̀ débẹ̀ lọ́jọ́ kan nítorí èèpo ẹ̀pà. Ó ní kí n fi ìka kan kanlẹ̀, kí n gbé ẹsẹ̀ kan sókè, títí òun ó fi jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín òun tán. Ìyá Alhájà kì í sì í yára jẹun.

Mo tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí wọ́n rán mi lọ ra edé létí ọ̀sà. Mo bá àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n ń gbá Oníkùn. Ọ̀kan wà láàárín wọn tí kò ju àtàǹpàkò mi lọ. Ó wú títí, ó dojú kọ òkè, ó sì ń la ẹnu, ó ń pa á dé. Èmi tí mo ti rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹja tó kú, mi ò mọ ìdí tí àánú èyí fi ṣe mí. Mo sọ ọ́ sínú abọ́ edé, mo bu omi ọ̀sà lé e, mo sì sáré lọ sílé. Ìgò gíláàsì ńlá kan tí wọ́n ń kó bisikíìtì sí nígbà kan wà lẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù omi, lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ibẹ̀ ni mo fi í sí. Bí omi ìgò náà bá ti dọ̀tí, màá dà á nù, màá pọn omi ẹ̀rọ tó mọ́ lóló sí i. Mo rò pé oore ni mò ń ṣe é.

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o: ẹja náà mọ̀ mí. Bí mo bá ti yọ́ kẹ́lẹ́ wọ abẹ́ àtẹ̀gùn, yóò wá síwájú, yóò máa yí ojú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ ọ̀nà méjì. Mo ń jí edé inú ọbẹ̀ fún un. Mo ń ṣa ìṣáwùrú fún un, yóò fi eyín fọ́ ìkarawun rẹ̀, kà!, bí ìgbà tí àgbàlagbà bá ń fọ́ egungun adìẹ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń ta súwe níta, wọ́n ń pè mí pé, "Sìkírá, ó ti kàn ọ́ o!" Mi ò dá wọn lóhùn. Mo ti rí ẹni tí mò ń bá ṣeré.

Ìgbà tó yá, Oníkùn kò jẹun mọ́. Ara rẹ̀ dúdú, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nísàlẹ̀ ìgò, ó ń mí fùkẹ̀fùkẹ̀. Mi ò lè bi ẹnikẹ́ni, nítorí ẹni tó bá bèèrè ni wọn yóò kọ́kọ́ bi pé kí ló ń wá lọ́dọ̀ ẹja olóró. Bẹ́ẹ̀ ni áfà wa nílé kéú sì ti sọ fún wa pé omi Sámúsámù ń wo gbogbo àìsàn. Kò sọ pé ti èèyàn nìkan.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Ìyá Alhájà ti lọ kírun, ilé dá. Mo wọ yàrá rẹ̀, mo rá bàbà wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo fa gálọ́ọ̀nù náà jáde. Mo da omi ẹ̀rọ inú ìgò nù, mo da Sámúsámù rọ́pò rẹ̀, gbogbo ẹ̀, kò ku ẹ̀kán kan. Mo wí bísímílà sí i. Lẹ́yìn náà ni mo lọ sídìí ẹ̀rọ, mo pọn omi kún gálọ́ọ̀nù náà, mo nu ara rẹ̀, mo sì dá a padà sí ojú rẹ̀ gan-an. Nígbà tí Ìyá Alhájà dé láti mọ́sáláṣí, ó fún mi ní dàbínù, ó ní mo jẹ́ ọmọ jẹ́jẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Oníkùn ti kú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tó bà mí lẹ́rù jù kọ́ ni ikú ẹja. Omi Mẹ́kà ni mo fún un, ó sì kú! Mo jókòó sábẹ́ àtẹ̀gùn. Ó di dandan kó jẹ́ pé olè tí mo jà ló ba omi náà jẹ́. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ń gbàdúrà, ó máa ń ṣe mí bíi pé ẹnì kan dákẹ́ lókè, tó ń wò mí.

Mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kí ọjọ́ Ìyá Alhájà tó pé. A kún inú yàrá náà, àwọn áfà ń ké Yáásínì. Ó fi ọwọ́ juwe abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá mi fa gálọ́ọ̀nù jáde, ó bu ú sínú ṣíbí, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé ìdajì dà sílẹ̀. Mo rò pé ẹkún ló ń gbọ̀n ọ́n. Mo fẹ́ pariwo pé kí wọ́n dúró, ṣùgbọ́n mo fi ìborùn bo ẹnu mi. Ìyá Alhájà gbé e mì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Alihamudulilahi," ló wí, "ó dùn." Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nìyẹn yàtọ̀ sí kálímà. Mo gbé ohun tí mo ṣe sáyà fún ọgbọ̀n ọdún ó lé, mi ò sọ ọ́ fún ọkọ, mi ò sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́.

Àfi ìgbà tí ọmọ mi, Ràlíà, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Marínà, gbé tánkì gíláàsì kan wọlé. Ó gbé e sí pálọ̀, ó tan iná sí i, ó to òkúta sí i. Mo bẹ̀rẹ̀ wo inú rẹ̀. Oníkùn ni! Òun nìkan ló wà níbẹ̀, nítorí Ràlíà ní bí òun bá fi ẹja mìíràn tì í, yóò gé e ní ìrù jẹ. Ẹja tí a ń fi ẹsẹ̀ gbá létí ọ̀sà wá ní ilé ara rẹ̀ nínú ilé mi, iná rẹ̀ sì dára ju tèmi lọ. Ibẹ̀ ni mo ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù kọ́ nìyẹn. Ràlíà gbé àpò iyọ̀ kan jáde, ó ń wọ̀n ọ́n sínú omi. Mo ní, "Ṣé ọbẹ̀ lo fẹ́ sè ni?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Rárá, Mọ́mì. Irú èyí, inú omi ọ̀sà ló ti wá, kò dùn bí omi ẹ̀rọ, kò sì níyọ̀ tó omi òkun. Tí ẹ bá fi í sínú omi ẹ̀rọ lásán, ó máa rẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, á wá kú."

Iyọ̀! Iyọ̀ tó kún ilé ìdáná wa! Mi ò mọ ìgbà tí mo bú sẹ́kún. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Mo sọ gbogbo rẹ̀ níbẹ̀, ìgò, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, gálọ́ọ̀nù, àti ṣíbí ọjọ́ ikú. Ìyá mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ mi, wà lórí ẹní rẹ̀ níbẹ̀, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Bí mo ṣe dàgbà tó yìí, mò ń retí ìfọ́tí.

Tẹ̀sùbáà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Sìkírá," ló wí, ohùn rẹ̀ kéré, "omi ẹ̀rọ lo dà fún ẹja."

Mo ní, "Rárá o, Màámi, Sámúsámù ni."

"Omi ẹ̀rọ ni mo wí. O kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí èéyi mú ọ. Ọrùn rẹ ti rọ̀, wọ́n ti ní kí n máa mọ́kàn le. Ìyá mi ò sí nílé. Mo ṣí gálọ́ọ̀nù náà, mo ń fún ọ mu títí ó fi tán, mo wá rọ omi ẹ̀rọ sí i. Omi tí ò ń wá fún ẹja yẹn, inú ìwọ fúnra rẹ ló wà."

Lọ́jọ́ ikú Ìyá Alhájà, àwa méjèèjì la dúró níbẹ̀, olúkúlùkù wa sì rò pé òun nìkan ni olè. Ìyá Alhájà mu omi ẹ̀rọ Èkó, ó ní ó dùn. Èmi àti ìyá mi di ara wa mú, a sunkún bí ẹni tí òkú ṣẹ̀ṣẹ̀ kú fún.

Láyé ìgbà tiwa, ọmọdé kì í bèèrè, àgbà kì í ṣàlàyé. Ẹja kú mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà tí gbogbo apẹja ìtòsí mọ ohun tí ì bá mú un yè. Lónìí, ọmọ mi ń bi àwọn tí kò rí rí lórí fóònù pé kí ni ẹja ń jẹ, wọ́n sì ń dá a lóhùn tìdùnnú-tìdùnnú. Mo máa ń sọ pé ayé ti bàjẹ́, pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ nǹkan ìpamọ́. Mi ò sọ ọ́ mọ́.

Nígbà tí ẹkún dá, ìyá mi dìde, ó lọ sí yàrá rẹ̀. Òun náà ti lọ sí Mẹ́kà, òun náà sì ti gbé Sámúsámù tirẹ̀ pamọ́ de ọjọ́ ikú. Ó gbé gálọ́ọ̀nù náà jáde sí pálọ̀, ó ní kí Ràlíà mú ife mẹ́rin wá, ó bù ú sí mẹ́ta. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká mu ún nísinsìnyí, tí ojú mi ṣì rí i pé òun ni." Ó fi ife kẹrin bo ẹnu gálọ́ọ̀nù fún ẹni tó bá tún fẹ́ mu, ó sì gbé e sórí tábìlì, níbi tí gbogbo ilé ti lè rí i.