Ẹni Tó Ń Tẹrí Ba Kò Kéré

Ní Ugbonla, kò sí ẹni tí kò mọ Ọmọ́yẹlé, ìyá Ṣèyífúnmi. Ìwé mẹ́ta péré ló kà kí wọ́n tó mú un wọnú ọkọ̀ ẹja. Akinolúwa ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ ní Bíbélì kíkà lójú omi, nígbà tí wọ́n bá ń dúró de àwọ̀n. Nígbà tí àìsàn dá ọkùnrin náà dùbúlẹ̀, ó ní kí ó bá òun mú kíláàsì Bíbélì àwọn àgbà tí òun ń kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Má jẹ́ kó tú o," ó wí bẹ́ẹ̀, ó sì dágbére fáyé. Ọdún méjì rèé. Kíláàsì kò tú.

Àfi ìgbà tí Ajíhìnrere Kingsley dé láti òkè, níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọ̀rọ̀ dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi kéde pé obìnrin kò gbọdọ̀ kọ́ ọkùnrin mọ́, Gbọ́láhàn, ọkùnrin kan nínú ìjọ, ni yóò gba kíláàsì. Púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí Ọmọ́yẹlé rò lọ́sàn-án ọjọ́ náà, adìẹ ló jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn ìsìn, ìjọ jókòó láti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà.

"Baba, Ọmọ, Ẹ̀mí Mímọ́, ètò wà níbẹ̀," ni Ajíhìnrere wí. "Ọmọ ń tẹrí ba fún Baba láti ayérayé. Bẹ́ẹ̀ náà ni obìnrin sí ọkùnrin. Ẹ wo inú ọkọ̀ yín! Ṣé ọkùnrin kọ́ ló ń wà níwájú, tí ìyàwó ń jókòó sẹ́yìn?"

Ẹ̀rín bú sílé. Bàbá Olówòkéré tó dàgbà jù nínú ìjọ fọwọ́ lu itan.

"Ọmọ òkè! Ìdí ọkọ̀ ni wọ́n ti ń darí ọkọ̀ o! Bí ẹni ẹ̀yìn bá sùn, inú igbó ẹ̀gbà etí omi lẹ ó ti bá ara yín!"

Ọmọ́yẹlé dìde. Ì bá fi ẹ̀rín náà ṣẹ́gun, kò fẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ má fi ọmọ ọlọ́mọ rẹ́rìn-ín. N kò ní kí ẹ̀yìn ju iwájú lọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi tukọ̀ fún Akinolúwa. Bó bá na ọwọ́, mo dá àjẹ̀ dúró. Bí mo bá kígbe pé ìgbì ń bọ̀, ó lóṣòó kíá. A kò bi ara wa léèrè ta ló ga jù. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kì í ṣe ọkọ̀ ẹja, kí n má sọ̀rọ̀ ju ẹnu mi lọ. Ajíhìnrere, Ọmọ tí ẹ ní ó ń tẹrí ba yẹn, ṣé Ó kéré sí Baba ni?"

"Rárá o, Màmá! Ọgbọọgba ni wọ́n."

"Ó sì gbọ́ràn títí dórí igi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹni tó gbọ́ràn tó bẹ́ẹ̀ tí kò kéré, tí gbogbo eékún ń kúnlẹ̀ fún, òun lẹ wá fẹ́ fi sọ mí di kékeré? Bó bá jẹ́ títẹríba ló ń sọ ènìyàn di kékeré, ẹ ti sọ Jésù náà di kékeré nìyẹn. Ẹ yan ọ̀kan. Ẹ dá kíláàsì mi padà, tàbí kí ẹ pa ìgbàgbọ́ tí à ń kà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ rẹ́."

Gbọ́láhàn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ẹ yọ tèmi kúrò o! Ọmọ kíláàsì Màmá lèmi náà!"

Lawrence, àbúrò Akinolúwa, alàgbà ìjọ tí kò tíì lanu láti ọjọ́ yìí, nu ojú. "Ìyàwó wa," ó ní, "ojú tì mí pé mo dákẹ́."

Ajíhìnrere dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìjọ, tòun ti aṣọ funfun. "Màmá, níbi tí mo ti kẹ́kọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni kò bi mí ní ìyẹn. Kíláàsì yín ni."

Lọ́jọ́ Ìsinmi kejì, bẹ́ǹṣì kò gba èrò. Àwọn kan dúró síta lórí afárá pákó, wọ́n ń gbọ́ láti ojú fèrèsé. Ajíhìnrere wà níwájú, Bíbélì lórí itan. Kò tíì tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó ti nawọ́ láti bèèrè ọ̀rọ̀.

"Mú sùúrù, ọmọ mi," ni Ọmọ́yẹlé wí, ó ń rẹ́rìn-ín, "a kò tíì dé ibẹ̀." Ó sì ń bá ẹ̀kọ́ lọ.